Ewé Kòkó, Ewé Kókò

Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi kun bàálù ní ọ̀dà òdì.
Lórí fóònù, nínú òjò, bàbá mi ní ewé kòkó,
èmi gbọ́ ewé kókò.
Ohùn ọ̀rọ̀ yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọ̀ bá a yẹ̀:
ọkọ̀ akẹ́rù ológun, ẹlẹ́ńjìnnì mẹ́rin,
wá ń dán lójú kọ̀ǹpútà mi ní Ọ̀bá-Ilé
bí ewé etí omi tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀.
Kò sí ológun tó lè fara pamọ́ sínú irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀.

Mórádékẹ́ aya mi na ọrùn wò ó.
"Aṣọ tí o ń rán láti ọjọ́ yìí, ta ni yóò wọ̀ ọ́?"
Mo ní ọkọ̀ ni yóò wọ aṣọ.
Ó ní, "Ta ni yóò wá wọ ọkọ̀?"
Mi ò fèsì.

Fọ́tò kan ṣoṣo ni mo rí lò, kòkòrò ti jẹ etí rẹ̀.
Kọ́pùrà Akínfọlárìn, ẹni ọdún mẹ́tàlélógún,
dúró lórí àkàbà, búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ẹnu rẹ̀ ṣí sílẹ̀,
ó ń bá ẹnì kan tí kò sí nínú fọ́tò sọ̀rọ̀.
Eérú ni ìyẹ́ ọkọ̀, eérú ni ikùn rẹ̀,
eérú ni ẹ̀wù bàbá mi.
Báwo ni eérú yóò ṣe sọ igi tó jóná fún mi?

Ní Sátidé ó wọkọ̀ láti Oǹdó wá,
ó gbé ọ̀rá kékeré kan dání.
Ó jókòó. Ó nu awò ojú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì.
"Kí lèyí?"
"Bàálù yín ni, Bàámi."
Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un.
Ó tú ọ̀rá: ewé kòkó méjì.
Ọ̀kan, orí igi ló ti já a, ó gbó, ó ki;
èkejì, ilẹ̀ ló ti ṣà á, ó gbẹ táútáú.
"Èyí àti èyí. Ẹni tó bá ń wò ó láti òkè,
oko baba ẹnì kan ni kó rí."

Eku tí kì í jẹ àgbàdo wà lọ́wọ́ mi,
mo tẹ̀ ẹ́, mo tẹ̀ ẹ́,
oko ń hù lórí ìyẹ́.

Nọ́ńbà ìrù rẹ̀ ńkọ́? Mo ti fi rúlà fà á, ó gún régé.
Ó mi orí. "Márùn-ún yẹn wọ́.
Òjò ṣú lọ́jọ́ náà, ṣájẹ́ǹtì ń jágbe mọ́ mi,
àpò ìrẹsì ni wọ́n ń kó síwájú,
ẹ̀yìn ni wọ́n ń tẹ́ àwọn…"
Iná lọ.
Fáànù fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀ díẹ̀, ó dúró.
Inú òkùnkùn ló ti parí ọ̀rọ̀ náà,
ibẹ̀ náà ni mo fi í sí.

Nígbà tí iná dé, mo tẹ márùn-ún lọ́rùn ba.
"Ó tó?"
"Díẹ̀ sí i.
Sì fi èéfín sẹ́yìn ẹ́ńjìnnì kẹta, amusìgá ni."

Ìrọ̀lẹ́ la gbé e kúrò ní pápákọ̀ Àkúrẹ́,
ojú ọ̀nà kúrú mọ́ wa lẹ́sẹ̀, a fò.
A yà sí Ìdànrè, àwọn òkè yọ ẹ̀yìn
bí agbo ẹfọ̀n tó ń wẹ̀;
oko ayédèrú nísàlẹ̀, oko ayédèrú lórí ìyẹ́.
Bàbá mi, tó fi ọdún mẹ́sàn-án kun ọkọ̀ náà,
tí wọn kò fi gbé e gòkè lọ́jọ́ kan,
di apá àga mú gírígírí.
"Rọra," ó ní.
"Rọra. Ẹrù wà lẹ́yìn."